Ìfẹnukonu Wọn Pọ̀, Ilé Ni Mo Ń Wá

Tí Doctor Who bá mú ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin jáde, tàbí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, kì í ṣe ìfẹnukonu ni mo máa ń kọ́kọ́ wò mọ́. Mo máa ń wò ó bóyá wọ́n ní ilé. Ṣé wọ́n jọ ń jẹun? Ṣé wọ́n máa ń ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí ẹni tó yẹ kó fọ abọ́? Ẹni tó jáde láàárọ̀, ṣé ó padà wọlé lálẹ́? Láti ọdún 2005 ni mo ti ń wo eré yìí, àwọn tó yege nínú ìdánwò mi kò pọ̀ rárá.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, eré tẹlifíṣàn BBC ni, ìtàn àròsọ ajẹmọ́-sáyẹ́ǹsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1963. Arìnrìn-àjò kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà, tí kì í ṣe ọmọ ayé tiwa yìí, ló ń gbé inú àpótí ọlọ́pàá aláwọ̀ búlúù kan tó ń jẹ́ TARDIS, ó ń fi í lọ síbi tó wù ú, ní ìgbà tó wù ú. Bí ikú bá fẹ́ pa á, ara rẹ̀ á yí padà di ti ẹlòmíràn. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń pààrọ̀ òṣèré nìyẹn láìjẹ́ kí eré náà kú. Wọ́n dá a dúró ní 1989, ó sì padà dé ní oṣù Kẹta 2005.

Èmi náà kò tíì pẹ́ ní London nígbà yẹn. Ìyá mi ni wọ́n fi mí ránṣẹ́ láti Ìbàdàn sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ní Peckham, kí n wá kàwé. Àǹtí mi ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, alẹ́ Sátidé nìkan ni wọ́n máa ń ráyè jókòó. Wọ́n ní nítorí tèmi ni àwọn ṣe ń wo Doctor Who. Irọ́ ni o, àwọn gan-an ló máa ń pè mí láti yàrá pé ó ti tó àsìkò. Mo ti mọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àgàgà fún ẹni tó ń jí mi fún àdúrà ní aago márùn-ún ìdájí.

Nígbà tí mo wá dàgbà tí mo ka ìtàn bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ó yà mí lẹ́nu. Ẹni tó darí apá àkọ́kọ́ pàá ni Waris Hussein, tí wọ́n bí ní Lucknow ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin. Verity Lambert ló ṣe aṣagbátẹrù rẹ̀, nígbà tí obìnrin ṣọ̀wọ́n ní irú ipò bẹ́ẹ̀ ní BBC. Ní 1963 yẹn, òfin ilẹ̀ England lè rán Hussein lọ sẹ́wọ̀n nítorí ẹni tó bá bá sùn. Ọdún 1967 ni òfin náà tó dẹwọ́, fún ọkùnrin tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, nínú kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀ nìkan. Nítorí náà, irú wa ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láti ọjọ́ kìn-ín-ní, àmọ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà ni wọ́n wà.

Iwájú kámẹ́rà dá páropáro. Ohun tó wà níbẹ̀ ni àmì, fún ẹni tó bá mọ àmì kà. Ní 1988, ìjọba Margaret Thatcher ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Section 28, tó ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kankan má ṣe gbé ọ̀rọ̀ akọ tó ń fẹ́ akọ lárugẹ. Lọ́dún yẹn kan náà ni Doctor Who ṣe The Happiness Patrol, níbi tí obìnrin aláṣẹ kan ti ka ìbànújẹ́ léèwọ̀ fún gbogbo ìlú, tí àwọn èèyàn rẹ̀ sì kun TARDIS ní àwọ̀ píńkì. Ẹni tó gbọ́, gbọ́. Ẹni tí kò gbọ́, píńkì lásán ló rí. Lọ́dún tó tẹ̀lé e wọ́n dá eré náà dúró, Section 28 sì wà níbẹ̀ títí di 2003 ní England.

Ẹni tó gbé e padà wá ní 2005 ni Russell T Davies, ọmọ Swansea, tó ti kọ Queer as Folk, eré nípa àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, fún Channel 4 ní 1999. Kò fi ara rẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún náà, ó jẹ́ kí Captain Jack Harkness wọlé, láàárín bọ́ǹbù tí àwọn Jámánì ń rọ̀ lé London lórí ní 1941. Láti ọ̀rúndún kọkànléláàádọ́ta ni Jack ti wá. Ó ń bá Rose, alábàárìn Dókítà, tage, ó sì ń bá ọkùnrin ọmọ ogun kan tage pẹ̀lú, ojú rẹ̀ kò sì fì. Àǹtí mi wò ó títí, wọ́n ní, “Ọmọkùnrin yìí, ojú rẹ̀ kò gbé ibì kan.” Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà, Jack ń lọ kojú àwọn Dalek, ọ̀tá Dókítà, ó mọ̀ pé òun kò ní padà wá. Ó fẹnu ko Rose lẹ́nu, ó yí padà, ó sì fẹnu ko Dókítà lẹ́nu bákan náà. Àǹtí mi dìde, wọ́n ní àwọn ń lọ wo ìrẹsì lórí iná. Ìrẹsì yẹn ti jinná tipẹ́.

N kò lè ṣàlàyé ohun tó ṣe mí lálẹ́ ọjọ́ náà fún ẹni tí kò tíì fara pamọ́ rí. Orí BBC One ni o! Alẹ́ Sátidé, nígbà tí gbogbo ọmọdé orílẹ̀-èdè náà jókòó síwájú tẹlifíṣàn, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé Dókítà ti di aláìmọ́. Fún ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ìfẹnukonu ni mò ń retí nínú gbogbo apá tó bá jáde. Tó bá ti wà, mo ti yó.

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu ni ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Jack kú ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn ìfẹnukonu yẹn. Rose ló jí i dìde, kò sì lè kú mọ́, àmọ́ TARDIS fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ó lọ. Wọ́n fún un ní eré tirẹ̀, Torchwood, ní 2006, níbi tí òun àti Ianto Jones ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ra. Abẹ́ ilẹ̀ Cardiff ni ibi iṣẹ́ wọn, ibẹ̀ náà ló dà bí ilé wọn. N kò rántí pé mo rí àwọn méjèèjì rí tí wọ́n gbé ìkòkò kaná. Ní oṣù Keje 2009, Ianto kú bí Jack ṣe gbé e mọ́ra. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òdòdó, lẹ́tà àti fọ́tò lọ sí ara ògiri kan ní Cardiff Bay, wọ́n sọ ibẹ̀ di ojú oórì fún ẹni tí kò fìgbà kan wà láyé. Mo ti dúró níbẹ̀ rí. Àwọn kan tí n kò mọ̀ ń sunkún níbẹ̀, n kò sì lè bá wọn wí.

Nínú gbogbo eléyìí, apá kékeré kan wà tí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ púpọ̀. Gridlock ni wọ́n pè é, ní 2007. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ló kún inú rẹ̀, nínú ihò abẹ́ ìlú kan lọ́jọ́ iwájú, tí àwọn èèyàn ti ń gbé inú ọkọ̀ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ń bímọ síbẹ̀. Àwa tí a mọ Ojúẹlẹ́gbà, ẹ̀rín la fi wò ó. Àwọn ìyá àgbà méjì kan wà nínú ọkọ̀ kan, Alice àti May Cassini, tí wọ́n ti wà lórí títì yẹn fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Awakọ̀ kan tí ojú rẹ̀ jẹ́ ti ológbò pè wọ́n ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Alice dá a lóhùn pé ó mọ̀ dáadáa pé àwọn kì í ṣe tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, tọkọtaya làwọn. Ológbò náà ní kó dákẹ́ ọ̀rọ̀ òde òní, ará àtijọ́ lòun. Ó parí síbẹ̀, kò sí orin arò, kò sí ẹni tó kú. Àwọn ìyá méjì wọ̀nyẹn ń bá ìgbé ayé wọn lọ, ọ̀kan ń kọ nọ́ńbà gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá sínú ìwé bí àwọn àgbàlagbà ṣe máa ń ṣe. Ara mi balẹ̀ bí mo ṣe ń wò wọ́n, ó sì ṣe díẹ̀ kí n tó mọ ohun tó fà á.

Àwọn tó fà á yé mi dé ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 2011, nígbà tí Steven Moffat ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Davies. Madame Vastra jẹ́ obìnrin, ara rẹ̀ sì rí bíi ti alángbá, ọ̀kan nínú àwọn tó ti ń gbé ayé yìí kí ènìyàn tó dé. Jenny Flint jẹ́ ọmọ London. Ní ayé Ọbabìnrin Victoria, wọ́n jọ ń gbé ní Paternoster Row, wọ́n jọ ń tú àṣírí ọ̀daràn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Strax ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò, jagunjagun tí orí rẹ̀ dà bí ọ̀dùnkún. Lójú òde, ọmọ ọ̀dọ̀ ni Jenny. Nínú ilé, ìyàwó ni.

Àǹtí mi gba tiwọn gidigidi. Ìyá Alángbá ni wọ́n ń pe Vastra. Wọ́n ń wo kọ́tìnnì ilé náà, wọ́n ń wo abọ́ tíì, wọ́n ń wo bí aṣọ Jenny ṣe gún. Lọ́jọ́ kan wọ́n kàn là á mọ́lẹ̀: “Ta ló ń dáná nínú àwọn méjèèjì yìí?” Mo ní Jenny ni, mo rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n mi orí. “Mo mọ̀. Ìyá Alángbá yẹn, ọ̀lẹ ni.” Kò pẹ́ tí Jenny fúnra rẹ̀ fi gbé ẹjọ́ yẹn kalẹ̀. Nínú Deep Breath, ní oṣù Kẹjọ 2014, ó bi Vastra pé òun mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ ṣe bí ọmọ ọ̀dọ̀ lójú àlejò, ṣùgbọ́n kí ló dé tí òun ṣì ń bu tíì nígbà tó ku àwọn méjèèjì, ṣebí tọkọtaya làwọn? Àǹtí mi pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọdún 2014 yẹn. Ní oṣù Kìn-ín-ní, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó ń dènà ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin ní Nàìjíríà. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ló wà nínú rẹ̀. Ní òpin oṣù Kẹta, àwọn tọkọtaya àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin ní England. Fóònù ilé wa kò sinmi nínú oṣù Kìn-ín-ní yẹn, àwọn ará Ìbàdàn ń bá Àǹtí mi yọ̀ pé Nàìjíríà ti hùwà àgbà. Àǹtí mi ń sọ pé “ẹ ṣé, ẹ ṣé,” wọ́n ń gbé fóònù kalẹ̀, wọn kò sì ń wo ojú mi. Mo ti ń gbé ilé tèmi nígbà náà, èmi àti ẹni tí mo ń pè ní ọ̀rẹ́ mi níwájú wọn. Sátidé nìkan ni mo máa ń wá.

Deep Breath yẹn kan náà ni Vastra ti fẹnu ko Jenny lẹ́nu. Ẹ sì wo bó ṣe rí o: èémí Jenny ti fẹ́ tán, ẹni tó bá mí ni àwọn ẹ̀dá onírin máa pa, Vastra sì ní afẹ́fẹ́ lára ju ènìyàn lọ, ó fi ẹnu fún un ní díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ẹ̀mí ni. Síbẹ̀, èèyàn mẹ́fà kọ̀wé ẹ̀sùn sí Ofcom, àjọ tó ń mójú tó tẹlifíṣàn, àjọ náà sì ní kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Nínú ẹ̀dà tó lọ sí apá kan ní Éṣíà, wọ́n gé e kúrò nítorí òfin ìgbéròyìnjáde Singapore. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé wọn kò gé ilé náà kúrò. Wọn kò gé abọ́ tíì. Wọ́n gé ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, wọ́n sì fi tọkọtaya sílẹ̀ níbẹ̀ fún gbogbo ayé rí. Ibẹ̀ ló ti yé mi dáadáa. Ìfẹnukonu rọrùn láti gé. Tábìlì tí èèyàn méjì ti ń jẹun kò ṣeé gé, nítorí orí rẹ̀ ni ìtàn jókòó lé.

Kò ju ọdún kan tàbí méjì lọ lẹ́yìn náà tí Àǹtí mi fi bi mí ní ọ̀rọ̀ kan nínú ilé ìdáná wọn, bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ẹ̀fọ́, tí wọn kò gbójú sókè.

“Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé yẹn. Ta ló ń dáná nínú yín?”

Mo dúró. Mo mọ ohun tí wọ́n ń bi mí. Àwọn náà mọ̀ pé mo mọ̀.

“Èmi ni, mà. Òun ló máa ń fọ abọ́.”

“Ó máa ń fọ̀ ọ́ mọ́?”

“Ó ń gbìyànjú, mà.”

“Ó dáa.” Wọ́n da ẹ̀fọ́ sínú omi gbígbóná. “Sọ fún un pé kó wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú.”

A kò sọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ń jí fún àdúrà títí di òní. Bóyá wọ́n ń gbàdúrà pé kí n yí padà, n kò bi wọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Captain Jack ìbá fẹnu ko gbogbo ọkùnrin London lẹ́nu, ìbéèrè yẹn kò ní jáde lẹ́nu Àǹtí mi. Paternoster Row ló jẹ́ kí wọ́n rí ibi tí wọ́n lè gbà wọlé.

Bill Potts dé ní oṣù Kẹrin 2017, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú, Pearl Mackie ló ṣe é. Òun ni alábàárìn Dókítà àkọ́kọ́ lórí tẹlifíṣàn tó sọ ọ́ ní gbangba láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé obìnrin lòun fẹ́ràn. Ilé oúnjẹ yunifásítì kan ní Bristol ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń bu ọ̀dùnkún díndín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọmọbìnrin kan tó wù ú ló sì ń bù ún fún ní àbùjù. Àǹtí mi ní ọmọ yìí jọ ọmọ wa. Mo gbádùn ibì kan nínú The Eaters of Light, tí Rona Munro kọ, ẹni tó ti kọ apá tó kẹ́yìn kí wọ́n tó dá eré náà dúró ní 1989. Bill bá ara rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun Róòmù, ó fẹ́ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún wọn pé òun kì í fẹ́ ọkùnrin. Àwọn ni wọ́n ń fi àánú wò ó, pé irú ẹ̀yà kan ṣoṣo ló fẹ́ràn, ó mà ṣe o. Kò sí ìwàásù tó lè ṣe ohun tí ẹ̀rín yẹn ṣe.

Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gbé Bill lọ! Wọ́n yìnbọn lu àyà rẹ̀ gba ẹ̀yìn jáde, ó lo ọ̀pọ̀ ọdún nísàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú kan, ó ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn, ó ń retí Dókítà. Nígbà tí Dókítà dé, wọ́n ti sọ ọ́ di ẹ̀dá onírin tí wọ́n ń pè ní Cyberman. Heather tó fẹ́ràn padà wá mú un, àwọn méjèèjì di ohun tó dà bí omi, wọ́n sì wọ ojú ọ̀run lọ. Àwọn kan pe ìyẹn ní ìparí aládùn. Àǹtí mi bínú ju èmi lọ. “Ọmọ tí kò ní ìyá, tí alágbàtọ́ wò dàgbà, wọn ò lè fún un ní yàrá kan kó máa gbé?”

Ti Yaz, alábàárìn mìíràn, kò gba àkókò. Ó fẹ́ràn Dókítà tí Jodie Whittaker ṣe, ọdún 2022 ni wọ́n tó jẹ́ kó jẹ́wọ́, Dókítà ní òun kò lè ṣe é, wọ́n jọ lá áìsìkiriìmù lórí òrùlé TARDIS, ó parí. Nínú sáà Whittaker kan náà, mo fẹ́ràn Adam àti Jake nínú Praxeus, oṣù Kejì 2020, ọkùnrin méjì tó ti ṣègbéyàwó. Arìnrìn-àjò òfuurufú ni ọ̀kan, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ni ìkejì, ìgbéyàwó wọn sì ti fẹ́ dàrú nítorí Jake ń sá fún ìgbé ayé ilé. Wọ́n parí ìjà, kò sí èyí tó kú nínú wọn. Ẹ rí i pé kò ṣòro.

Davies padà dé ní 2023. Mo ti ka ohun kan nípa rẹ̀ láàárín ìgbà tó fi lọ: ní 2011, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó padà sí Manchester láti tọ́jú ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n rí kókó nínú ọpọlọ rẹ̀, ó sì tọ́jú rẹ̀ títí onítọ̀hún fi kú ní 2018. Nítorí náà, mo retí ohun ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ti fún aláìsàn lóògùn lóru kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí ìfẹ́ ṣe ń rí nínú ilé.

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Dókítà tí David Tennant ṣe gbà pé Isaac Newton rẹwà, ó wá ń béèrè pé ṣé irú ẹni tí òun dà nìyí. Lẹ́yìn náà Ncuti Gatwa gorí oyè, tí wọ́n bí ní Rwanda, tí àwọn òbí rẹ̀ gbé sá wá sí Scotland nígbà ogun 1994. Aláwọ̀ dúdú ni, kò sì fi irú ẹni tó jẹ́ pamọ́. Ó sọ fún ìwé ìròyìn Elle pé òun ti rò rí pé òun nìkan ni ọmọ Rwanda tó wà bẹ́ẹ̀ láyé, kí òun tó pàdé ẹlòmíràn. Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ Ìbàdàn náà lè sọ ọ́.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà 2024, apá tí wọ́n pè ní Rogue jáde. Ìlú Bath ni, ní 1813, níbi àríyá àwọn ọlọ́lá. Dókítà pàdé ọkùnrin kan tó ń dọdẹ ọ̀daràn, tó ń jẹ́ Rogue, Jonathan Groff ló ṣe é. Wọ́n jó níwájú gbogbo ènìyàn, ọkùnrin náà kúnlẹ̀ ó na òrùka sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀tàn ni wọ́n fi ń ṣe. Ìfẹnukonu náà dé, ó dára, ó sì gùn. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí Rogue fi fi ara rẹ̀ rọ́pò Ruby, alábàárìn Dókítà, tó sì parẹ́ sí ayé kan tí kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn ni pé kí Dókítà wá òun rí. Ọdún 19 ti kọjá lórí ti Captain Jack, ọ̀nà kan náà la ṣì ń tọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún 2025, Dókítà wá sí Lagos. Inua Ellams ló kọ ọ́, ọmọ tí wọ́n bí ní Jos tó dàgbà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti kọ eré orí ìtàgé nípa ilé onígbàjámọ̀ rí. Èmi àti Àǹtí mi jókòó bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ni Dókítà wọ̀, Omo tó ni ín sì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Dókítà ti sọ fún Belinda, alábàárìn rẹ̀, pé láti ìgbà tí ara òun ti di dúdú, àwọn ibì kan wà tí ojú tí wọ́n fi ń wo òun ti yàtọ̀, ṣùgbọ́n níbẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ọmọ ilé ni wọ́n ka òun sí.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi, ó sì tún gún mi. Onígbàjámọ̀ kan wà ní Rye Lane tó ti ń gé irun mi tipẹ́. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, kò sì burú rárá. Tí mo bá ti jókòó, kó tó so aṣọ mọ́ mi lọ́rùn, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?” Mo máa ń dáhùn pé wọ́n wà. Kí ni kí n tún sọ? Kò sí ilé onígbàjámọ̀ Yorùbá láyé yìí tí ọkùnrin tó dàgbà á ti jókòó sórí àga tí wọn kò ní bi í léèrè ará ilé. Ní Lagos ti Doctor Who, kò sẹ́ni tó béèrè. Wọ́n gba Dókítà bí ọmọ ìyá, wọ́n jọ sọ ìtàn, wọ́n jọ bá wàhálà jà, ọ̀rọ̀ Rogue kò sì yọjú.

Èmi kò bínú sí Ellams. Apá kan ṣoṣo ló ní, ìtàn tó sọ níbẹ̀ sì dára púpọ̀. Bí mo ṣe rò ó títí, dídákẹ́ yẹn jọ òtítọ́ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Báyìí gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń gbà wá: o jẹ́ ọmọ ilé, wọ́n á fún ọ ní àga, ìwọ náà á mú ilé tìrẹ dání bí ẹrù tí wọn kò gbọdọ̀ tú. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹnì kan ti béèrè, kí Dókítà dákẹ́ díẹ̀, kí kámẹ́rà sì dúró lé ojú rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn, a ó mọ ibi tó dé ní tòótọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tó ya mí lẹ́nu jùlọ ṣẹlẹ̀. Nínú Wish World, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Conrad tún ayé ṣe bó ṣe wù ú, ọkọ, ìyàwó, ọmọ, gbogbo ilé bákan náà. Ẹni tó bá ṣiyèméjì, kọ́ọ̀bù rẹ̀ á jábọ́ gba inú tábìlì kọjá sílẹ̀. Nínú ayé yẹn, Dókítà jí lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú Belinda, ó ti di ọkọ rẹ̀, wọ́n bí ọmọ kan tó ń jẹ́ Poppy. Ó la ẹnu sọ fún ọkùnrin kan pé ó rẹwà, gbogbo ará ibẹ̀ sì dà bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Rogue yọ sí i lójú tẹlifíṣàn láti ibi tó há sí, ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀, ó sì rán an létí pé tábìlì kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá fún Dókítà yìí ní ilé, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì àti oúnjẹ àárọ̀, ilé irọ́ ni. Davies mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀, mo gbà fún un. Àwa tí wọ́n ti ń bá wá ìyàwó láti Ìbàdàn, tí wọ́n ti ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp, a mọ ilé yẹn. A mọ bí kọ́ọ̀bù ibẹ̀ ṣe ń jábọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù lẹ́yìn ìyẹn kí Gatwa lọ, ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún. Dókítà fi ẹ̀mí ara rẹ̀ rà Poppy padà, ara rẹ̀ tàn yòò, ojú Billie Piper, òṣèré tó ṣe Rose, sì yọ. A kò gbúròó Rogue.

Lẹ́yìn náà Disney, tó ń bá BBC ná owó eré náà, yọwọ́. BBC ní apá kan ń bọ̀ ní Kérésìmesì 2026, Davies ni yóò kọ ọ́. Mo sọ fún Àǹtí mi pé bóyá wọ́n á lọ wá ọmọkùnrin yẹn. Wọ́n ní kí n má da ara mi láàmú, òrùka tí wọ́n fi ṣe ẹ̀tàn kò lè mú ọkọ wálé. Ẹnìkejì mi ń fọ abọ́ lọ́wọ́ nígbà náà, ó pariwo láti ilé ìdáná pé Àǹtí, ẹ̀tàn kọ́ ni mọ́, kò tíì bọ́ òrùka yẹn kúrò lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.